Yinni, Yinni, Kí Ẹni Lè Ṣe Mìíràn

   Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Inú ilé yín ni ó ti wá, ẹnu yín ni ó sì ń gbé. Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ni. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ọ̀rọ̀ rere, èyí tí ń gbé ọkàn ẹni ró, ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ ènìyàn, àti ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ rere kan di agbára fún ẹni tí ó gbọ́ ọ, tí òmíràn sì ń kọjá lọ bí afẹ́fẹ́.

Àwọn baba wa a máa wí pé, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ ṣe àkíyèsí òwe náà dáadáa. Apò ni ohun tí ènìyàn ń kó obì àti owó sí. Apó ni ohun tí ọdẹ àti jagunjagun ń kó ọfà sí. Ọkùnrin kan náà lè gbé apò kọ́ èjìká kan, kí ó sì gbé apó kọ́ èkejì. Obì ń bẹ lára rẹ̀, ọfà sì ń bẹ lára rẹ̀. Èwo ni yóò fà yọ? Òwe náà kò ní kí a lọ wo irú ìwà tí ọkùnrin náà ní. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ó bá bá a létí ni yóò pinnu rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé oore àti ìjà jọ ń gbé inú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ni, ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ni ó sì ń pe èyí tí yóò jáde.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìkíni. Àlejò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá a máa ṣe kàyéfì pé ìkíni wa pọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ènìyàn lè máa ṣe tí a kò ní ìkíni fún. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, a ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí ó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé, ẹ kú ìrìn. Ẹni tí ó bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tí ó ń ṣe ayẹyẹ, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tí ó ń retí ẹni tí kò tíì dé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù.

Kí ni iṣẹ́ tí àwọn ìkíni wọ̀nyí ń ṣe? Àwọn kan rò pé ọ̀wọ̀ lásán ni, ohun tí a kọ́ ọmọ kí wọ́n má baà sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní "ẹ kú iṣẹ́" ti sọ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, mo rí yín. Ó ní, mo rí ohun tí ẹ ń ṣe, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn. Ó tún ní, iṣẹ́ náà tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ dúró. Ẹ wo obìnrin tí ó ń din àkàrà ní ìdájí, tí èéfín ń kó sí i lójú, tí epo ń ta sí i lọ́wọ́. Kò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó kí i kọjá. Síbẹ̀, yóò gbé ojú sókè, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Òo, ẹ ṣé o," ọwọ́ rẹ̀ á sì tún yá sí i. Ẹni tí ó kọjá lára rẹ̀ láìwí nǹkan kan ń kọ́? Kò bú u, kò nà án. Ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà wá sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tilẹ̀ ní ìkíni tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá bá àgbẹ̀ lóko, a ó ní, "Àroko bọ́dún dé o," èyí ni pé kí ó máa roko náà títí ọdún yóò fi yí po. Bí a bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, a ó ní, "Ojú gbooro o," òun náà á sì dáhùn pé, "Òòyà á yà á o." Alágbẹ̀dẹ tí ó wà nídìí ẹmú, "Àrọyè o" ni tirẹ̀. Bí a bá pàdé ọdẹ, a ó ní, "Àrìnpa o," kí ìrìn rẹ̀ má baà já sí asán. Ọlọ́jà tí ó pàtẹ ni à ń wí fún pé, "Ajé á wọ igbá o." Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ń wí pé, "Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tó ọ láyé." Gbogbo wọn ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àti ire tí ó wà níwájú. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kúrò lójú ọ̀nà, kí a wọ inú ilé. Bí ọmọ bá jí ní òwúrọ̀, tí ó kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi "káàárọ̀" nìkan dá a lóhùn. Yóò pe oríkì rẹ̀: Àjàní, Àkànní, Àlàó, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí díẹ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ń sọ. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí à ń bẹ̀bẹ̀ kí a lè kẹ́. Àdùkẹ́ ni ẹni tí tọmọdé tàgbà ń du láti kẹ́. Àjọkẹ́ ni ẹni tí a pawọ́ pọ̀ kẹ́. Àyìnkẹ́ ni ẹni tí à ń yìn, tí a sì ń kẹ́. Ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ti ń gbọ́ láràárọ̀ pé ẹni tí a fẹ́ ni òun. Láti ibẹ̀ ni ìyá yóò ti bọ́ sí oríkì orílẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Oníkòyí yóò gbọ́ bí àwọn baba rẹ̀ kì í ti í sá lójú ogun. Ọmọ ìdílé mìíràn yóò gbọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn, nípa ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, àti nípa ohun tí wọ́n fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́.

Bí wọ́n bá ń ki ènìyàn báyìí, a máa ń sọ pé orí rẹ̀ wú. Láti inú gbólóhùn náà ni a ti rí ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ìwúrí. Ẹni tí wọ́n ti ki rí mọ̀ ọ́n: ara a máa ṣe é gìrì, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà tọ́ọ́rọ́, ohun tí ó rò pé kò ṣeé ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn á wá dà bí ohun tí a lè dán wò. Orí nínú èdè wa kì í sì í ṣe agbárí nìkan. Orí ni ìpín ẹni, ohun tí a yàn wá sáyé. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní ọ̀rọ̀ kan wú ènìyàn lórí, ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ẹni náà, kò dúró sí etí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki ọmọ ọwọ́ tí ń ké kí ó lè dákẹ́, tí onílù sì fi ń fi ìlù ki ẹni tí ń jó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá sí i.

Bóyá ẹnì kan nínú yín á wí pé, "Àṣà ni gbogbo ìyẹn. Ta ni ó ti wọ̀n ọ́n wò tí ó fi mọ̀ pé òótọ́ ni?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Ní ọdún 1925, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Hurlock, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó mú àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó lé ní 100, láti kíláàsì kẹrin àti ìkẹfà, ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin tí agbára wọn nínú ìṣirò dọ́gba. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ìṣirò ìròpọ̀. Ọ̀wọ́ kìíní ni a ń pè síwájú kíláàsì láti yìn nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọ̀wọ́ kejì ni a ń pè síwájú láti bá wí nítorí àṣìṣe wọn. Ọ̀wọ́ kẹta jókòó sínú yàrá kan náà, wọ́n ń gbọ́ bí a ti ń yin àwọn kan tí a sì ń bá àwọn kan wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ ohun kan nípa iṣẹ́ tiwọn, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú. Ọ̀wọ́ kẹrin wà ní yàrá mìíràn lọ́tọ̀, wọ́n kàn ń ṣe ìṣirò wọn ni.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn tí a ń yìn ń tẹ̀síwájú, àwọn ni wọ́n sì ṣe dáadáa jù lọ nígbẹ̀yìn. Àwọn tí a ń bá wí ta gìrì ní àkọ́kọ́, iṣẹ́ wọn sì dára sí i, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àwọn tí a kò kà sí tẹ̀síwájú díẹ̀, kò sì tó ti àwọn tí a bá wí. Àwọn tí ó wà ní yàrá ọ̀tọ̀ kò kúrò lójú kan.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìwádìí náà. Èkínní ni pé ìbáwí ní agbára, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ dà bí iná pòròpórò, a máa jó kíákíá, a sì máa tètè kú. Ẹ̀kejì ni ó dùn mí jù. Àwọn ọmọ tí a kò bá sọ̀rọ̀ kò ṣe dáadáa tó àwọn tí a bá wí. Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn kò bá ti bú ọmọ, àwọn kò ṣe é ní ibi. Ọ̀gá iṣẹ́ mìíràn a máa wí pé, "Bí mo bá dákẹ́, kí o mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ dára." Ṣé ẹ rántí obìnrin alákàrà àti ẹni tí ó kọjá lára rẹ̀ láìkí i? Ìdákẹ́ náà ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé, n kò rí ọ.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí ó le ju ti ìṣáájú lọ. Bí a bá fẹ́ yin ọmọ, kí ni kí a yìn? Ṣé orí pípé rẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ tí ó ṣe? Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn ní Amẹ́ríkà, Claudia Mueller àti Carol Dweck, tẹ ìwádìí lórí èyí jáde ní ọdún 1998. Wọ́n fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìbéèrè kan tí ó ń fẹ́ ìrònú, tí kò sì le jù. Nígbà tí àwọn ọmọ náà parí, wọ́n sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n ṣe dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un. Wọ́n wí fún àwọn kan pé, ó ní láti jẹ́ pé orí yín pé. Wọ́n wí fún àwọn mìíràn pé, ó ní láti jẹ́ pé ẹ ṣiṣẹ́ takuntakun. Wọn kò fi ohunkóhun kún un fún àwọn yòókù.

Wọ́n tún fún wọn ní ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí ó le gan-an, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọn kò ṣe dáadáa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fún wọn ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn. Àwọn tí a yìn nítorí orí pípé ṣe é burú ju bí wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí a yìn nítorí iṣẹ́ ṣe é dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà kọ ìwé sí ọmọ ilé-ìwé mìíràn, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n gbà, 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a yìn nítorí orí pípé ni ó parọ́, tí wọ́n bu iye lé tiwọn. Nínú àwọn tí a yìn nítorí iṣẹ́, 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo ìyàtọ̀ yìí.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ọmọ tí a wí fún pé orí rẹ̀ pé ti di olóyè. Ẹni tí ó bá sì joyè a máa bẹ̀rù kí wọ́n má rọ̀ ọ́ lóyè. Bí ìṣirò bá le, ẹ̀rù á bà á pé wọ́n fẹ́ mọ̀ pé òun kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, yóò sì sá fún ohun tí ó le, tàbí kí ó fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́. Ọmọ tí a yìn nítorí iṣẹ́ kò ní oyè tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Ọ̀nà ni a fi hàn án. Bí nǹkan bá le, ó mọ ohun tí yóò ṣe: yóò fi kún iṣẹ́ rẹ̀. N kò sọ pé gbólóhùn kan lè sọ aláìmọ̀wé di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ìwádìí mìíràn tí a ti ṣe lẹ́yìn èyí fi hàn pé agbára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ níbi gbogbo bákan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó tọ́ka sí yé wa.

Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ìkíni wa ti wà kí a tó bí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. A kì í dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kí a ní, "Ẹ kú orí pípé." Ẹ kú iṣẹ́ ni à ń wí.

Ẹnì kan lè bi mí pé, oríkì ń kọ́? Ṣé kì í ṣe ènìyàn fúnra rẹ̀ ni oríkì ń yìn? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a kì í fi oríkì san owó iṣẹ́. Ọmọ kò tíì ṣe nǹkan kan láyé tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Bí ó gba ipò kìíní, Àbẹ̀kẹ́ ni; bí ó gba ipò ìkẹyìn, Àbẹ̀kẹ́ náà ni. Oríkì ń sọ fún ọmọ pé, tiwa ni ọ́. Ẹ kú iṣẹ́ ń sọ fún un pé, mo rí ohun tí o ṣe. Ọmọ nílò méjèèjì, àgbàlagbà náà sì nílò wọn.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa orúkọ kan tí ó yàtọ̀ sí oríkì. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ̀ ọ́n: olódo. Ẹ fojú inú wo ọmọdé kan tí tíṣà ní kí ó dìde kàwé. Ó ka ìlà méjì geere. Ní ìlà kẹta, ó kan ọ̀rọ̀ tí ó gùn, ahọ́n rẹ̀ kọ́lẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà ní, "Jókòó, olódo." Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà á fi orí pamọ́ sẹ́yìn ẹni tí ó ga jù ú lọ. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á ní inú ń run òun láràárọ̀. Baba rẹ̀ á ní ọmọ yìí kò fẹ́ràn ìwé. Kì í ṣe ìwé ni kò fẹ́ràn. Ìtìjú ni ó ń sá fún. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ẹni tí a bá ń pè ní òdo lójoojúmọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò jẹ́ orúkọ náà, tí yóò sì máa hùwà bí orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a dá ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn, kí tíṣà sọ ohun mìíràn. Kí ó ní, "Dúró díẹ̀. O ti ka ìlà méjì láìṣi ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ yìí ló gùn. Jẹ́ kí a gé e sí wẹ́wẹ́: ì-bá-ni-kẹ́-dùn. Ó yá, kà á." Ọmọ náà kà á. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tíṣà kò parọ́ fún un pé ó kà á dáadáa. Ó sọ èyí tí ó ṣe dáadáa, ó fi ibi tí ó ti kọsẹ̀ hàn án, ó sì fún un ní ọ̀nà tí yóò gbà kọjá. Ọmọ náà á lọ sílé pẹ̀lú ọgbọ́n tí ó lè lò fún gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tí ó bá tún pàdé.

Bákan náà ni ó rí níbi iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan rán bùbá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọrùn rẹ̀ wọ́. Ọ̀gá kan á ju aṣọ náà sílẹ̀, á ní, "O ti ba aṣọ oníṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, ọwọ́ rẹ kò lè mọ iṣẹ́ láéláé." Ọ̀gá mìíràn á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á ní, "Wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó gún régé. Apá náà bára mu. Ọrùn ni o sáré rán. Tú u, kí o tún un rán, kí o sì fà á díẹ̀díẹ̀." Àwọn méjèèjì bá a wí o. Àwọn méjèèjì ni yóò mú kí ó tú aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tú aṣọ nìkan, èkejì tú aṣọ ó sì tú ọmọ náà pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé kí a má bá ọmọ wí mọ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjì ni òwe náà kà. Ọ̀pọ̀ wa ló ti sọ òsì nù.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa nǹkan méjì kí n tó dákẹ́. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìwúrí kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ó bá ń yin ohun gbogbo kò yin ohunkóhun. Ọmọdé gan-an mọ ìgbà tí a ń tan òun. Bí o bá ní àwòrán tí ó fi ìṣẹ́jú kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé dára jù láyé, kò ní gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ gidi. Àwọn àgbà sì ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ọ̀rọ̀ kan náà, bí a bá fi ẹ̀gàn sọ ọ́, á di ọfà. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ òótọ́, kí ó sì tọ́ka sí ohun kan pàtó. "O gbìyànjú" dára. "Mo rí i pé o tún ìṣirò yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó rí i" dára jù ú lọ.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹni tí ebi ń pa, oúnjẹ ni kí a kọ́kọ́ fún un. Ẹni tí òjò ká òrùlé rẹ̀ lọ, kí a bá a wá páànù kí a tó sọ fún un pé yóò dára. Ẹni tí ó sì ń ṣọ̀fọ̀ kò nílò àlàyé gígùn. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí a jókòó tì í, kí a sì bá a pọn omi sílé, ó tó. Ọ̀rọ̀ rere kò gba ipò iṣẹ́ rere. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rìn.

Ó wá kan èmi àti ẹ̀yin. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe rò pé ti àgbà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹgbẹ́ yín bá kọsẹ̀ níbi ìwé kíkà, ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ti ràn án lọ́wọ́; ẹni tí ó bá wí fún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́ pé, "Ìlà méjì àkọ́kọ́ yẹn dùn ún gbọ́," ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jẹun tán ní alẹ́ òní, ẹ kí ẹni tí ó se é. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù ni.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bi ara yín léèrè kí ẹ tó sùn: ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún mi tí n kò tíì kí? Ó lè jẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí ó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó dé. Ó lè jẹ́ tíṣà tí ó ń kọ́ ọmọ yín, tí ẹ kò tíì yọ sí rí àfi lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ bá a jà. Ó sì lè jẹ́ ìyá yín tí ó ti darúgbó, tí ó ki oríkì yín láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó ń pe oríkì tirẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti lọ. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì pè é fún un. Ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ yóò ti mọ́lẹ̀.

Àwọn baba wa ni wọ́n sọ ọ́ tán: yinni, yinni, kí ẹni lè ṣe mìíràn. Wọn kò ní kí a yin ènìyàn kí ó lè máa gbéraga kiri. Ohun tí wọ́n ń wò ni iṣẹ́ mìíràn tí ó kù níwájú. Apò àti apó jọ wà léjìká ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́la. Ẹ bá a sọ èyí tí yóò yọ obì.